Wúrà Ará Oko

Mẹ́tàlá ni wọ́n nínú agolo Bọ́nfítà.
Mo máa ń kà wọ́n bí iná bá ti lọ,
àtùpà ní ẹ̀gbẹ́ kan, òṣùwọ̀n kékeré ní èkejì,
òjò Ìjẹ̀bú-Òde ń lu páànù bí ẹni ń bá mi kà á.

Ogún ọdún ni mo fi se ọbẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun.
Àwọn ẹgbẹ́ mi ra aago, wọ́n ra rédíò,
ọ̀kan gbé bẹ́ẹ̀dì onírin dé Ìjẹ̀bú-Igbó;
èmi wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Hámbọ́ọ̀gì,
mo fi owó oṣù mẹ́rin ra ohun tí kò tó èékánná àtàǹpàkò.
Ìyàwó mi ní, "Ilé ńkọ́?"
Mo ní, "Ilé nìyí."
Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ wò ó. Ọba Róòmù nìyẹn,
ó dé akoto, ó gbé ọ̀kọ̀ lé èjìká,
ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tí owó-orí kò tíì pé lọ́wọ́ rẹ̀.
Ẹ yí i padà: obìnrin abìyẹ́ gbé àgbélébùú gígùn dání,
lẹ́tà tò yí i ká bí ọmọ iléèwé láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n ìkẹjọ ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ẹni tó ṣe é kò dé Róòmù rí.
Róòmù ní ará oko ni.
Ó gbé owó ọba síwájú, ó wo lẹ́tà,
lẹ́tà wò ó padà, kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì.
Ló bá tò wọ́n bí ẹni ń ṣọgbà:
ọ̀pá kan, ọ̀pá kan, òrùka, ọ̀pá tó ti ṣubú.
Ojú ọba fẹ̀ bí ti òwìwí,
obìnrin abìyẹ́ di tata tó fẹ́ fò.
Wúrà rẹ̀ ńkọ́? Wúrà ni.
Mo gbé e lé òṣùwọ̀n:
hóró ìrẹsì kan ni ọba fi jù ú lọ.

Bàbá bàbá mi, Ọnàfọwọ́kàn, alágbẹ̀dẹ idẹ,
kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà.
Wọ́n ní ó ń rọ ṣílè lóru ní yàrá ẹ̀yìn.
Wọ́n ní bí ṣílè ìlú wa bá dé Ìbàdàn,
wọ́n á fi eyín kàn án, wọ́n á jù ú sílẹ̀ kó dún,
wọ́n á ní, "Háà, ti Ìjẹ̀bú ni."
Ọlọ́pàá mú un lọ́jọ́ ọjà. Ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára.
Nílé wa, a kì í dárúkọ ṣílè lójú ìyá àgbà;
"kọ́bọ̀ méjìlá" là ń wí.

Ọ̀kan péré ló ṣẹ́kù,
èyí tí ìyá àgbà so mọ́ etí ìró títí ó fi kú.
Ọba Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kó wà lára rẹ̀.
Ẹ sún àtùpà mọ́ ọn:
imú yẹn, imú ilé wa ni.
Ìlà mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ kábíyèsí.
Ọwọ́ bàbá kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya ojú tí kò kọlà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ti Èkó wá,
ó kó àwọn ọba sí apá ọ̀tún,
ó fi ìka kan ti ìkẹjọ sí mi: "Èyí, ayédèrú."
Mo ta ọba mẹ́ta fún un, mo fi pààrọ̀ páànù.
Ìyàwó mi wo òrùlé, ó wò mí,
ó ní, "Ilé nìyí."

Ihò kan wà lórí ìkẹjọ.
Ẹnìkan ti so ó kọ́ ọrùn ọmọ rí, tàbí ọrùn aya.
N kò mọ orúkọ ẹni tó rọ ọ́.

Mẹ́wàá ló kù. Mo ju ṣílè sí i, ó di mọ́kànlá.
Bí mo bá mi agolo, gbogbo wọn a dún bí owó.
Ọ̀kan nínú wọn, ohùn rẹ̀ kú díẹ̀.
Òun ni etí mi ń wá.